Owó-Orí Wa ní Ìkóríta Orè: Ta Ni Ó Ń Jẹ Àǹfààní Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ kan ní Orè, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo bi í bóyá ó ń san owó-orí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta jáde, ó sì tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ mi.

“Ọmọ mi, ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Àwọn tí ó ṣáájú wọn kún inú ike. N kò sọ pé n kò ní san. Ibi tí ó ń wọ̀ sí ni mo fẹ́ mọ̀.”

Lẹ́yìn ìsọ̀ náà, gọ́tà kan ti dí. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa wọ ilé ìdáná. Òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń dá owó jọ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Ní oṣù tí mo lọ yẹn, owó tí ó fẹ́ fi ra ìwé fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní girama ni ó bá gọ́tà lọ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè rẹ̀ fi wọ̀ mí lára: ǹjẹ́ owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wa ń padà wá sọ́dọ̀ wa?

Owó tí a kò mọ̀ pé a ń san

Ìyá yìí rò pé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni owó-orí òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn èrò ọkọ̀, ó sì ń ra ọṣẹ ìfọṣọ. VAT, ìyẹn owó-orí tí a ń fi kún iye ọjà, wà lára àwọn nǹkan wọ̀nyí. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni owó náà ti kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó di ìdá 7.5. Ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦1,000 yóò di ₦1,075 lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, mú ìtura díẹ̀ wá. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san owó-orí lórí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ àti tálákà ni wọ́n jọ ń san VAT.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín ₦75 yẹn? Lábẹ́ òfin tuntun, ìjọba àpapọ̀ yóò mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe ₦7.50. Àwọn ìpínlẹ̀ yóò mú ìdá 55, ìyẹn ₦41.25. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yóò mú ìdá 35, tí í ṣe ₦26.25. Kì í ṣe Odígbó nìkan ni owó ìkẹyìn yìí ń lọ o, nítorí inú àpò kan náà ni ìjọba ìbílẹ̀ 774 ti ń pín in. Síbẹ̀, ẹ rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú owó ọṣẹ wa kò dúró sí Àbújá.

Ohun tí ojú Orè ti rí

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, Orè ti rí ibi owó ìlú, ó sì ti rí ire rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó àti Ṣàgámù lọ sí Bìní ni ìlú náà wà, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ sì ni. Àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò lè gbàgbé rẹ̀: kòtò tí ń gbé ọkọ̀ mì, èrò tí ń sun ojú ọ̀nà. Ní ọdún 2007, nígbà tí Diezani Alison-Madueke tí í ṣe Mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà lọ wo ọ̀nà yẹn, ẹkún ni ó bú sí. Ẹkún rẹ̀ kò dí kòtò kankan. Iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n fi owó ìlú ṣe ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú ìrìn rọrùn.

Ní àkókò Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ afárá olókè sí ìkóríta Orè, níbi tí ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa ti dábùú ọ̀nà Èkó sí Bìní. Ẹni tí ó bá mọ bí ìkóríta náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ àjàgbé ń sáré bọ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá àyè sọdá, kò ní sọ pé owó-orí kò ṣe nǹkan kan. Ìyá olóúnjẹ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. “Afárá dára,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n n kì í dáná lórí afárá.”

Gbólóhùn rẹ̀ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ayé ń rí, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré, bí gọ́tà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, ni ó sún mọ́ ẹbí jù.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wa

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń bínú sí owó-orí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbára dì fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n ní kí àgbà san ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ara ìlú fárígá. Wọ́n wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 dé 811,432 ní ọdún 1955. Owó ti di ọmọ tí ó gbé síléètì lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó tún ní láti béèrè ibi tí ó wọ̀.

Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ onikòkó tí a mọ̀ sí Agbẹ́kọ̀yà dìde ogun sí owó-orí. Kòkó kò mówó wọlé, ọ̀nà oko kò dára, síbẹ̀ agbowó-orí kò dẹ́kun wíwá. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù. Ìran kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n rí èrè ti àkọ́kọ́, wọn kò sì rí ti èkejì.

Ta ni kí á bi?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, gọ́tà àti kíkó pàǹtí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí ó wà láti ọdún 2011, sì fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti kọ̀wé béèrè bí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ná owó. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti fèsì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò fi èyí dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìwé ìṣirò nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó dá owó àjọ a máa béèrè lọ́wọ́ olórí àjọ, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní aláìgbọràn. Kí ló dé tí a kì í béèrè nípa èyí tí ó tóbi jù? Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà lè kọ lẹ́tà kan. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè kọ òmíràn. Kí á béèrè nǹkan kan pàtó: èló ni ó wọlé láti inú ọjà yìí lọ́dún tó kọjá, èló ni a sì ná sórí gọ́tà rẹ̀?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá olóúnjẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá pe ọmọ rẹ̀ láti inú ilé ìdáná.

“Lọ mú bírò àti ìwé rẹ wá,” ni ó wí. “Bọ̀ọ̀dá yìí fẹ́ fi bí a ṣe ń kọ lẹ́tà hàn ọ́.”