Bí Owó Amẹ́ríkà Bá Dúró, Ta Ni Yóò Ra Oògùn Ìfètò-sọ́mọ-bíbí?

“Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ,” ni àwọn àgbà máa ń wí. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Láyé àtijọ́, obìnrin a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ kì í sì í sún mọ́ ọn títí wọn yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Báyìí ni ìyá ń rí okun gbà padà, tí ọmọ sì ń lágbára. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbà bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó ní kí obìnrin tí ó ti bímọ dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, kí ó tó tún wá oyún mìíràn.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ obìnrin ń lo abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, tàbí oògùn oníhóró, tàbí ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń fi sábẹ́ awọ apá. Ẹni tí ó lọ gba abẹ́rẹ́ yìí ní ilé ìgbẹ̀bí lè san owó díẹ̀, tàbí kí ó má san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn náà ní iye tí wọ́n rà á. Ẹnì kan ti san owó rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí àwọn ìjọba ń fi ṣe irú ìrànlọ́wọ́ yìí.

Ọdún 1965 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, nípasẹ̀ àjọ USAID. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2024, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ. Owó yìí ń ra oògùn, ó sì ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ní ọdún 2011, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí ń sọ èdè Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà para pọ̀ ní Ouagadougou láti mú ìfètò-sọ́mọ-bíbí gbòòrò. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn. USAID sì wà lára àwọn tí ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kí ni ó wá fa àríyànjiyàn? Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni. Láti ọdún 1973 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi owó ìrànlọ́wọ́ náà ṣẹ́ oyún láti fi fètò sọ́mọ bíbí. Ní ọdún 1984, Ààrẹ Ronald Reagan fi kún un. Ó ní ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá ń ṣẹ́ oyún, tàbí tí ó ń polongo rẹ̀, kò ní gba owó ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kódà bí ó bá jẹ́ pé owó mìíràn ni ó fi ń ṣe é. Ààrẹ Clinton fagi lé àṣẹ yìí ní ọdún 1993. Bush dá a padà ní 2001, Obama fagi lé e ní 2009. Trump tún gbé e dìde ní 2017, Biden pa á rẹ́ ní 2021. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Trump tún dá a padà.

Àwọn tí ó fara mọ́ àṣẹ náà ní kò tọ́ kí owó orí ẹni tí ó ka oyún ṣíṣẹ́ sí ìpànìyàn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Àwọn tí ó lòdì sí i ní nígbà tí owó bá tán ní ilé ìwòsàn, obìnrin tí ó wá gba abẹ́rẹ́ lásán ni ó ń jìyà, oyún tí a kò fẹ́ yóò sì pọ̀ sí i.

Ti ọdún 2025 tún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, Trump pàṣẹ pé kí ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fòpin sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pátápátá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje, USAID kógbá sílé, wọ́n sì kó ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Nínú oṣù kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ní òun yóò ba àwọn ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan jẹ́, èyí tí wọ́n kó pa mọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Iye wọn tó mílíọ̀nù 9.7 dọ́là.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kì í dúró de ìdìbò Amẹ́ríkà. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, tí oògùn kò sí, oyún lè dé. Nítorí náà, ó yẹ kí obìnrin tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sún mọ́ tètè béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí bóyá oògùn wà, àti ọ̀nà mìíràn tí ó lè lò bí kò bá sí. Ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Ó sì yẹ kí àwọn ìjọba wa fi owó oògùn yìí sínú ètò ìṣúná tiwọn lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.