Ta Ló Láṣẹ Lórí Orúkọ Ẹ̀yìn Nọ́ńbà?

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì sáfà tó bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Gmail ní orúkọ, kí orúkọ náà sì tọ́ka padà sí nọ́ńbà kan náà. Èyí tí kò bá ní, wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní sáfà tirẹ̀ lè kọ́kọ́ sáré lọ bá ẹni tó ta dómeènì fún un. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

DNS, ètò tó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, lójú méjì. Bí ẹ̀rọ bá mú orúkọ wá, á gba nọ́ńbà. Ẹni tó ra dómeènì ló láṣẹ níbẹ̀. Bí ó bá mú nọ́ńbà wá, á gba orúkọ. Ẹni tí nọ́ńbà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló láṣẹ. Àjọ IANA ló ń pín nọ́ńbà fún àjọ AFRINIC ní Mauritius, AFRINIC á pín in fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti káàkiri Áfíríkà, àwọn yẹn á sì bu bíńtín fún oníbàárà. Ọ̀nà yìí gan-an ni àṣẹ lórí orúkọ ẹ̀yìn nọ́ńbà ń gbà.

Ká mú 203.0.113.66, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ. Nínú dómeènì, apá tó tóbi jù ló ń gbẹ̀yìn. Nínú nọ́ńbà, òun ló ń ṣíwájú. DNS á wá dà á kọ sẹ́yìn, á fi ìrù sí i: 66.113.0.203.in-addr.arpa. Ibi tí àmì ìdánudúró wà nìkan ni wọ́n ti lè gé e fún ẹlòmíràn, nítorí náà ẹni tó bá ní odindi 256 nọ́ńbà kò ní wàhálà.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ilé-iṣẹ́ kékeré ní 256 lóde òní? Ó lè jẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fún un, bíi 64 sí 71, kò sì sí àmì ìdánudúró tó ya mẹ́jọ yẹn sọ́tọ̀. Ìwé ìlànà RFC 2317, tí Eidnes, de Groot àti Vixie kọ ní oṣù Kẹta ọdún 1998, ló tú kókó yìí. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì á dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, bóyá 64-71.113.0.203.in-addr.arpa, á sì fi ìlà NS fa ẹ̀ka náà lé sáfà DNS oníbàárà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, á kọ CNAME, ìlà tó ń darí ìbéèrè lọ sí orúkọ mìíràn, fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá béèrè 66, kó lọ bi 66.64-71.113.0.203.in-addr.arpa. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa kọ PTR, ìlà tó ń sọ orúkọ nọ́ńbà, síbẹ̀, á sì máa yí i padà bó ṣe wù ú láìtún bẹ ẹnikẹ́ni. (Àmì / ni ìwé náà fi ṣe àpẹẹrẹ orúkọ ẹ̀ka, ọ̀pọ̀ ń lo - nítorí àwọn sọfitíwià tí kì í gba / láàyè.)

Ẹni tó ń gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè má gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì lè ní kò ṣeé ṣe. Ó sàn kí oníbàárà kọ ọ́ ránṣẹ́: láti nọ́ńbà wo dé èwo, orúkọ sáfà DNS méjì ó kéré tán, àti pé RFC 2317 lòun fẹ́. Kó béèrè orúkọ tí wọ́n máa fún ẹ̀ka náà. Bí ó bá pe tirẹ̀ ní ohun mìíràn, CNAME á máa tọ́ka sí ibi tí kò sẹ́nì kankan. Kí àwọn sáfà náà sì ti máa dáhùn kó tó kọ̀wé.

Bó bá jẹ́ sáfà ímeèlì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, làálàá yìí ti pọ̀ jù; kó ní kí wọ́n bá òun kọ ìlà PTR kan, ó parí. IPv6 kò tiẹ̀ nílò ọgbọ́n CNAME: ègé 32 ni nọ́ńbà rẹ̀ ń dà nínú ip6.arpa, wọ́n sì lè gé e lẹ́yìn ègé èyíkéyìí. Ní ti nọ́ńbà mẹ́jọ wa, bí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, àṣẹ dig -x 203.0.113.66 á kọ́kọ́ fi CNAME hàn, PTR á sì tẹ̀ lé e.