Ife Ìpínlẹ̀ Bahia àti Àwọn Ẹgbẹ́ Tí Ń Du Ú

Ìbéèrè ọmọdé kan ni ó mú wa fi gègé lé ìwé. Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, a máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù, ìlú sí ìlú. Ojú ọ̀nà kan náà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀ffà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Ní ìgbà ogun àtijọ́, Ìkìrun ni àwọn ará Òkukù sá sí, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àwọn ọmọ wọn lórí pápá kò ní mọ̀ pé wọ́n ti jọ gbé rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí èkejì rẹ̀ jẹ góòlù kan láìjà.

Ní ọjọ́ kan, a ń ṣàlàyé fún wọn bí ife ìpínlẹ̀ ti ń rí: pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà a máa du ife tirẹ̀ ná, kí àwọn tí ó bá yege tó lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọmọkùnrin kan láti Ìníṣà na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará Òṣogbo ni yóò gbà á nígbẹ̀yìn, kí ni àwa ń gbá a fún?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé a kò ní èsì kankan lẹ́nu.

Nígbà tí a padà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàrin wa. Àwọn kan nínú wa sọ pé òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, pé níbi tí owó àti pápá rere bá wà, níbẹ̀ náà ni ife yóò máa gbé. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà a wá ibi tí a ti ń gbá ife ìpínlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kí a lè mọ ohun tí ojú àwọn ìlú kékeré ti rí níbẹ̀. Ilẹ̀ Bràsíl ni a bá a, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Bahia.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlejò ni Bahia jẹ́ fún wa. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú tí a sì tà kọjá òkun sí ibẹ̀. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn gbé ìjà dìde ní Salvador, olú ìlú Bahia, ìròyìn rẹ̀ sì mi gbogbo ilẹ̀ Bràsíl. Àwọn tí ó rí ọ̀nà padà wá sí Èkó ni àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà. Àwọn tí kò rí ọ̀nà padà sì kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Orúkọ Ọ̀ṣun wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí di òní, ìlù kan sì wà tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ẹni tí ó bá ti rìn láti Ìkìrun wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ìdíje náà ti rí. Bràsíl fẹ̀ púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro ní ìgbà àtijọ́ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti rin ìrìn-àjò lọ bá èkejì. Nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀. São Paulo bẹ̀rẹ̀ ní 1902, Bahia ní 1905, Rio de Janeiro ní 1906. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò dé títí di 1959. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Nàìjíríà, ife tí a dá sílẹ̀ ní 1945, tí à ń pè ní Ife Gómìnà nígbà náà, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Èkó ni ó sì kọ́kọ́ jẹ gàba lé e lórí: ẹgbẹ́ Rélùwéè ti Èkó nìkan gbà á ní ìgbà 7 láàrin 1946 àti 1964. Ọdún 1959 ni ẹgbẹ́ Lions ti Ìbàdàn tó gbé e wá sí àárín ilẹ̀ Yorùbá. Nípa bẹ́ẹ̀, àwa kọ́ láti wo òkè kí a tó wo ẹ̀gbẹ́ wa. Àwọn ará Bahia sì kọ́kọ́ bá aládùúgbò wọn jà fún nǹkan bí 50 ọdún.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ọmọ ọlọ́lá kan, Zuza Ferreira, tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sọ pé ó gbé bọ́ọ̀lù wọ Salvador ní 1901. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, kíríkẹ́ẹ̀tì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì oníṣòwò ń ṣe níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ìlú bá wọn ṣe é bí ẹlẹgbẹ́. Èyí ni ó bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Vitória sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1899, ọdún 11 géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí òfin dá àwọn ẹrú Bràsíl sílẹ̀ ní 1888. Ẹgbẹ́ oníkíríkẹ́ẹ̀tì, Internacional, ni ó gba ife àkọ́kọ́ ní 1905. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: àwọn ọmọ ìlú tí a ti ta nù wọ̀nyí, ọmọ ilé ńlá ni àwọn náà, nígbà tí wọ́n sì dé ipò, wọn kò rántí ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹni dúdú àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá nígbà tí a kà á, nítorí pé a mọ irú rẹ̀ nílé.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ọgbà kò dúró kí a pè wọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1906, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ypiranga sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti tálákà. Ó tó ọdún 11 kí ife tó dé ọwọ́ wọn, ní 1917; wọ́n tún gbà á ní 1918, ní 1920 àti ní 1921, títí ó fi pé ìgbà 10 ní 1951. Ọkùnrin dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Apolinário Santana, tí gbogbo ayé ń pè ní Popó, ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní ọdún 1920 sí iwájú, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Salvador lápapọ̀ gbé gẹ̀gẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ọmọdébìnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ máa ń mú lọ wo Ypiranga lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ó dàgbà, ó di sístà, ó lo ayé rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn tí kò ní alábàárò. Dulce ni orúkọ rẹ̀, ìjọ Páádì sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 2019. A mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tí wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù àti ìwà-bí-Ọlọ́run kò lè gbé inú ọkàn kan náà.

Ẹgbẹ́ tí ó wá borí gbogbo wọn dé lẹ́yìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá méjì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kò rí ibi gbá mọ́, wọ́n sì para pọ̀ dá ẹgbẹ́ Bahia sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1931. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n gba ife. Láti ìgbà náà wọ́n ti gbà á ju ìgbà 50 lọ, tí 7 nínú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láti 1973 dé 1979. Vitória ni ó tẹ̀lé e, òun gba ti 30 ní 2024. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni wọ́n ń pè ní Ba-Vi, ọjọ́ náà sì máa ń pín ilé kan náà sí méjì. Àwọn ará Sípéènì tí ó ṣí wá sí Salvador náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, Galícia, tí ó gba ife ní 1941, 1942 àti 1943 láìdáwọ́dúró.

Ife ìpínlẹ̀ yìí ni ó mú Bahia dé òkè. Nígbà tí ìdíje gbogbo ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1959, àwọn tí ó ti gba ife ìpínlẹ̀ wọn ni a pè sí i. Bahia dé ìparí, wọ́n sì bá Santos, ẹgbẹ́ Pelé, níbẹ̀. Wọ́n na Santos ní ilé Santos pẹ̀lú góòlù 3 sí 2. Santos wá na àwọn náà ní Salvador, 2 sí 0. Ìpàdé kẹta bọ́ sí Rio de Janeiro ní oṣù kẹta 1960, Bahia sì borí, 3 sí 1. Bayìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó gba ife náà ní Bràsíl, láti ilẹ̀ àwọn Nagô ni ó ti wá, kì í ṣe láti São Paulo tàbí Rio.

Bí a bá dúró níhìn-ín, ọmọ Ìníṣà yóò sọ pé òun ni ó jàre, nítorí pé Salvador ni Bahia àti Vitória wà, gẹ́gẹ́ bí Òṣogbo ti rí sí wa. Ó di 1963 kí ife tó jáde kúrò ní olú ìlú fún ìgbà àkọ́kọ́. Fluminense ti ìlú Feira de Santana ni ó gbé e lọ, ó sì tún gbé e lọ ní 1969. (Kí òǹkàwé má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ Fluminense ti Rio. Àwọn ará Bràsíl fẹ́ràn láti máa jẹ orúkọ ara wọn, bí agbo ilé tí ó ní Táíwò mẹ́ta.) Lẹ́yìn náà ọ̀nà tún dí fún ọdún pípẹ́. Ní 2006, Colo-Colo láti ìlú Ilhéus, níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó bíi tiwa, gba ife. Ní 2011, ẹgbẹ́ Bahia de Feira, tí í ṣe ti Feira de Santana bákan náà, na Vitória ní ìparí. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti Atlético ti Alagoinhas. Ní 2021 wọ́n na Bahia de Feira gba ife; ní 2022 wọ́n tún na Jacuipense gbà á. Ọdún méjì léra wọn ni ìparí ìdíje wáyé tí kò sí Bahia, tí kò sí Vitória níbẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ó wà ní agbègbè Alagoinhas. Salvador ní ju 2,400,000 lọ.

Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí èyí lè ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ 10 ni ó wà ní ipele àkọ́kọ́. Olúkúlùkù yóò pàdé àwọn 9 yòókù. Ìṣẹ́gun mú àmì 3 wá, ọ̀mì mú 1. Àwọn 4 tí ó bá ga jù yóò tún gbá a láàrin ara wọn títí 2 yóò fi kù fún ìparí, àwọn 2 tí ó bá sì kẹ́yìn yóò sọ̀kalẹ̀ sí ipele kejì, kí ẹlòmíràn lè gòkè. Ẹgbẹ́ kékeré tí ó bá ṣe dáradára yóò rí àyè nínú ife gbogbo ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni owó wà. Tàbí nínú ipele kẹrin líìgì Bràsíl. Nítorí náà, ẹni tí kò gba ife kò lọ lọ́wọ́ òfo.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: ìdíje ìpínlẹ̀ wọ̀nyí kò lágbára bí ti àtijọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń ráhùn pé ó ń gba àkókò wọn, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Bràsíl sì ti dín ọjọ́ tí a fi ń gbá a kù láti 16 sí 11, bẹ̀rẹ̀ láti 2026. Èyí kò ní pa Bahia lára, nítorí pé ó ní eré púpọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ ìlú kékeré tí kò ní eré mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọdún rẹ̀ ni a ń gé kúrú yẹn. Ní ti èrò wa, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń gbàgbé ibi tí àwọn náà ti kọ́ ìrìn.

Nígbà tí a tún padà sí Ìníṣà, a wá ọmọ náà kàn, a sì ro ìtàn Alagoinhas fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ojú irin ń gba ìlú yẹn kọjá bíi ti ọ̀dọ̀ wa?" A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n la ojú irin láti Salvador, tí ó sì dé Alagoinhas ní 1863, ó lé ní 40 ọdún kí ó tó dé Ìkìrun. Ó mi orí, ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó sì ní kí a tún ẹgbẹ́ pín.