Ṣé o mọ̀? Ìdí tí rédíò kò fi kúrò nínú ọkọ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Galvin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò Motorola tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀? Kásẹ́ẹ̀tì dé, sídì dé, fóònù náà dé, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn orin ṣì ń tan rédíò bí wọ́n bá ti ń wakọ̀. Òótọ́ ni pé rédíò kì í jẹ dátà, ṣùgbọ́n kókó ibẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ló ń bá wọn yan orin. Ojú awakọ̀ wà lójú títì, kò ráyè wá orin kiri. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a gbé àpàlà Haruna Ishola sílẹ̀, a fi fújì tẹ̀lé e, orin tí olùgbọ́ kò ní rántí láti wá fúnra rẹ̀ a sì bọ́ sí i létí.

Àwọn kan á ní ìpolówó ọjà ti pọ̀ jù. Wọn ò parọ́, ó sì ń bí ni nínú, pàápàá tí wọ́n bá gé orin jùjú sí méjì. Àmọ́ áàpù orí fóònù tó ń yan orin fúnra rẹ̀ sábà máa ń tọ ipasẹ̀ ohun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì ní dá orin dúró láti sọ pé ọ̀nà ti dí níwájú. Láti ọdún 2012 ni Èkó ti ní Traffic Radio 96.1 FM fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí orin parí kí ìpolówó tó wọlé.