Yíyí ẹ̀rọ eré fídíò padà: èwo ló rọrùn, èwo ló léwu?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ènìyàn yí ètò inú ẹ̀rọ eré fídíò rẹ̀ padà, kí ó lè gba eré tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fọwọ́ sí. Ìdáhùn kan kò lè tó fún gbogbo wọn, nítorí bí ẹ̀rọ ṣe yàtọ̀ síra ni ìṣòro wọn yàtọ̀.

Wii, tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2006, ló rọrùn jù. A kì í tú u rárá. Fáìlì díẹ̀ lórí káàdì SD ti tó. Síbẹ̀, ọlọgbọ́n a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ náà, nítorí bí ènìyàn bá ṣèèṣì pa fáìlì pàtàkì kan rẹ́, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́.

PlayStation 2, ti ọdún 2000, le díẹ̀ jù ú lọ. Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń fi òjé yíyọ́ lẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà tín-ínrín mọ́ pátákó inú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ohun tí àwọn elédè Faransé ń pè ní puce sí i. Nígbà tó yá, Free McBoot dé, tó jẹ́ pé káàdì ìrántí lásán ni a nílò fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Switch ti ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí fi àléébù kan hàn nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Inú ìrántí tí a kò lè tún kọ ni àléébù náà wà, nítorí náà Nintendo kò lè tún èyí tó ti tà ṣe. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò ní àléébù yìí mọ́: àfi kí a fi puce lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà tí kò tó hóró ìrẹsì. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, owó ti ṣòfò.

Ewu mìíràn tún wà. Nínú ẹ̀rọ tí ibi ìgbaná rẹ̀ wà nínú, iná lè ṣẹ́kù sínú kápásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn rẹ̀, kí ó sì gbé ènìyàn. Nintendo lè ti ilẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí a yí padà. Ẹni tó bá wá ra irú rẹ̀ ní àlòkù ra ìyà náà mọ́ ọn. Òfin náà ńkọ́? Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà rán Gary Bowser, ọmọ Kánádà, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 40, nítorí ipa tó kó nínú ẹgbẹ́ tó ń ta irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Lílo ẹ̀rọ tí a rà bó ṣe wù wá yàtọ̀ sí jíjí iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn tà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ láti mọ inú ẹ̀rọ dára. Iṣẹ́ àtúnṣe sì ń bọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí pátákó tó ti kú ni kí ẹ ti kọ́ bí a ti ń fi òjé lẹ nǹkan, kì í ṣe orí ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n yín fi owó oṣù rẹ̀ rà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.