Bí Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ Ṣe Ń Yege Àyẹ̀wò Èéfín ní California

Ní Japan, ọkọ̀ tó bá ti ń dàgbà máa ń di ìnáwó sí ẹni tó ni ín lọ́rùn. Àyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní shaken kì í ṣe owó kékeré, ọdún méjì méjì ló sì ń yí po lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń yọwọ́ nínú ọkọ̀ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ṣì le koko. Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò ń tú, tí wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹténà lọ sókè òkun.

California wà lára ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí. Ní àwọn ọdún 1990, ẹ́ńjìnnì B16A ti Honda ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lítà 1.6 péré ni, ó sì ní agbára ẹṣin 160. Civic DX ti 1992 tí wọ́n ń gbé e sí kò ju 102 lọ. Ta ni kò ní fẹ́?

Gbígbé e wọnú ọkọ̀ kọ́ ni wàhálà. Èéfín ni.

Ní oṣù keje 1943, èéfín bo Los Angeles mọ́lẹ̀, ojú ń ta àwọn ará ìlú, àwọn kan tilẹ̀ rò pé ogun Japan ló fi oró ránṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1950 ni Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́míkà ní Caltech, fi hàn pé nǹkan tó ń jáde láti ẹnu sálẹ́ńsà mọ́tò àti ilé ìfọpo ni oòrùn ń sọ di ozone. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà dá CARB, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́, sílẹ̀ ní 1967, òun ni alága àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Smog Check bẹ̀rẹ̀ ní 1984.

Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ní ni pé kí ẹ́ńjìnnì má dàgbà ju ọkọ̀ lọ, kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí níbẹ̀, kó sì kó gbogbo ohun tó ń dín èéfín rẹ̀ kù wá: kátálísìtì, sẹ́ńsọ̀, agolo èédú tó ń gba oru bẹntiróòlù, àti bíréènì-bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gbé ìyàwó, kó gba ẹrù ìyàwó.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì inú kọ̀ǹténà sábà máa ń wá ní ìhòòhò, wáyà rẹ̀ á ti gé. Àwọn tó mọṣẹ́ wo ọ̀nà míì. Honda fúnra rẹ̀ ta ọmọ ìyá B16A ní Amẹ́ríkà, nínú del Sol VTEC ti 1994. Wọ́n wá kó ẹrù del Sol yẹn fún ẹ́ńjìnnì, kó lè bá èyí tí ìjọba mọ̀ dọ́gba. Civic 1992 lè gbà á. Civic 1996 kò lè gbà á, nítorí ọkọ̀ ọ̀hún kéré sí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ orí.

Ó kan Referee, ìyẹn àwọn tí Smog Check yàn láti yẹ ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, tí púpọ̀ nínú ibùdó wọn wà nínú ọgbà àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tọ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Táyà á gun rólà, wọ́n á ki ọ̀pá sẹ́nu sálẹ́ńsà: máìlì 15 ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà 25. Kátálísìtì tí kò tíì gbóná lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n kì í fi í gbé ọkọ̀ tútù débẹ̀. Bí ó bá yege, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ara ọkọ̀, ìwé ọ̀hún ni ilé àyẹ̀wò míì á máa tẹ̀lé láti ìgbà náà lọ.

Inú èèyàn dùn pé ọ̀nà yìí wà, torí ó fi àyè gba ọmọ mẹkáníìkì tó fẹ́ràn eré, kò sì fi ẹ̀dọ̀fóró ará àdúgbò tàfàlà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti rí i: General Motors di E-ROD kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti kátálísìtì àti bíréènì-bọ́ọ̀sì nínú ọjà kan ṣoṣo, CARB sì fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ 1995 sẹ́yìn.