Ọ̀RÀN ZARIA: ÀÀBÒ ÌLÚ KÌ Í ṢE IṢẸ́ Ẹ̀KA KAN ṢOṢO

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè rí. Nítorí èyí ni òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣe dá Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀. Ààrẹ ni alága rẹ̀. Lára àwọn tí ń bá a jókòó ni olórí gbogbo ológun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, àti àwọn mínísítà fún ọ̀ràn abẹ́lé, fún ààbò àti fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ibi ìpàdé dé ojú títì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń lọ sí ibi ayẹyẹ àwọn ọmọ ogun tuntun ní Zaria, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Àwọn ọmọlẹ́yìn Sheikh Ibrahim El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ Ṣíà, dí ọ̀nà. Àwọn ológun ní wọ́n fẹ́ pa ọ̀gá àwọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní irọ́ ni. Ìbọn ń dún títí di ọjọ́ 14. Ní ọdún 2016, akọ̀wé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí pé òkú 347 ni a sin papọ̀ ní Mando. Ọmọ ogun kan náà kú.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí Zaria. Ààrẹ Ìráànì, Hassan Rouhani, bá Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ìjọba rẹ̀ sì ránṣẹ́ pe aṣojú Nàìjíríà ní Tehran. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lójú títì di ẹrù mínísítà ilẹ̀ òkèèrè, ó sì di ẹrù ilé ẹjọ́ títí di oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga Kaduna dá El-Zakzaky àti aya rẹ̀ láre.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí sọ pé agbára tí àwọn ológun lò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Abala 217 nínú òfin ìpìlẹ̀ kò sì ṣòro láti yé ènìyàn: ológun lè ran àwọn aláṣẹ ìlú lọ́wọ́ nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n. Èyí ni pé ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dojú kọ èrò tí ó dí ọ̀nà, pẹ̀lú ìmọ̀ràn gómìnà àti àwọn ọba ìlú.

Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá mọ ààlà iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn kí wàhálà tó dé, ẹ̀mí yóò yè. Ìpàdé tí a bá pè lẹ́yìn ìsìnkú kò lè jí òkú.